Kàpúsù Tó Wà Nídìí Ọ̀gẹ̀dẹ̀

N kò rántí dáadáa bóyá gbogbo kàpúsù náà ni mo rì mọ́lẹ̀, tàbí mo kọ́kọ́ gbé díẹ̀ mì. Nígbà mìíràn, mo máa ń rántí ìkorò rẹ̀ lórí ahọ́n mi. Bẹ́ẹ̀, kàpúsù kì í korò. Ó lè jẹ́ àgbo ni mò ń rántí. Ohun tó dá mi lójú ni pé mo parọ́ fún ọkọ mi, ó sì ti kú báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tẹnu mi kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́.

Ilé-Ifẹ̀ ni a ń gbé. Ilé ìkàwé yunifásítì ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́. Inú ọgbà kan náà ni èmi náà ti gboyè. Lẹ́yìn ìgbéyàwó wa, ọmọ kò tètè dé. Ìyá ọkọ mi a máa gbé àgbo wá láti Òkè-Ògbó, a sì dúró tì mí títí n ó fi mu ún tán lórí ìkúnlẹ̀.

"Ìyàwó, ìwé tí o kà kò dí ọ̀nà ọ̀fun rẹ. Gbé e mì!"

Kò sẹ́ni tó bu àgbo fún ọmọ rẹ̀ ọkùnrin.

Nígbà tí a wá ṣe àyẹ̀wò, dókítà ní kòkòrò bakitéríà ló wà nínú àtọ̀ ọkọ mi, òun ló ń bà á jẹ́. Ó ní ó ṣeé wò. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa jọ lo oògùn o. Bí ẹnì kan bá lò ó tí èkejì kò lò ó, ẹ ó kàn máa kó o ran ara yín ni."

Mo gbọ́ ọ. N kò lè sọ pé n kò gbọ́. Ṣùgbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ayọ̀ ló kọ́kọ́ gbà mí lọ́kàn: kì í ṣe èmi! Mo ti mu àgbo tó fún àìsàn tí kì í ṣe tèmi. Mo di kàpúsù tí dókítà kọ fún mi sínú ọ̀rá, mo rì í sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná.

"Dúpẹ́, ṣé o ti lo tìrẹ?"

"Mo ti lò ó."

Ọkọ mi lo tirẹ̀ tán. Kòkòrò náà pa dà. A tún gba oògùn mìíràn. Mo tún rì í, nítorí n kò mọ bí mo ṣe lè yí irọ́ àkọ́kọ́ pa dà. Bóyá kì í ṣe ìyẹn nìkan ló fà á. N kò mọ̀. Ọkọ mi sọ fún ẹbí rẹ̀ pé ara òun ni àìsàn wà, kí wọ́n fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Kì í ṣe àìsàn yẹn ló pa á, ṣùgbọ́n ó kú láìbímọ. Ìyá rẹ̀ a máa wá jókòó tì mí báyìí, a sì bi mí pé: "Ọmọ mi, kí ni mo jẹ nínú oyún rẹ̀ tí kò fi lè bímọ?"

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n sọ fún un? Bí mo bá sọ ọ́, ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́, ṣùgbọ́n n ó pàdánù ìyá kan ṣoṣo tó kù fún mi.

Ó ti ń ṣe mí bíi pé àlá ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, àfi ìgbà tí Móradékẹ́, àbúrò ọkọ mi, wá bá mi ká aṣọ tí ọkọ mi fi sílẹ̀. Kò wojú mi.

"Òjò hú ọ̀rá yẹn síta, Bọ̀ọ̀dá mi, ọkọ yín, sì rí i. Mo ní kí wọ́n bi yín. Wọ́n ní ẹni tí ìyá wa ti fipá bu àgbo fún tó bẹ́ẹ̀, àwọn kò ní í tún fipá fún un lóògùn."