Òdòdó Funfun Tó Wà Lára Ògiri Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ máa ń wá kọ́ṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ mi bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, ẹ ti bi mí títí pé níbo ni òdòdó funfun ńlá tó máa ń wà lókè àga pálọ̀ mi lọ. Mo ní ó já bọ́. Mo ní mo fẹ́ fọ̀ ọ́. Irọ́ ni méjèèjì. Ẹ gbé sísọ́ọ̀sì sílẹ̀ díẹ̀ kí ẹ gbọ́ mi, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ti há mi lọ́fun bí egungun ẹja, mo sì ti dàgbà ju ẹni tó tún lè máa gbé e mì lọ.

Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ mí sí Ìyá Mádàánù. Níbẹ̀rẹ̀, yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe, àmọ́ nígbà tí wọ́n rí ohun tí mo ń fi páálí ẹyin ṣe, wọ́n mú ẹnu kúrò lára mi. Ẹ̀yin náà mọ̀: kò sí ohun tí mo lè wò tí n kò ní rí òdòdó nínú rẹ̀. Agolo mílíìkì, mo ti rí àtùpà. Ìwé ìròyìn àná, mo ti rí ẹ̀wọ̀n aláràbarà tí a ó ta láti igun yàrá kan dé èkejì. Aṣọ tó ti gbó, ẹ ṣáà fún mi ní ìyẹ̀fun díẹ̀ kí n fi se lẹ́ẹ̀, kó tó di ìrọ̀lẹ́ ẹ ó máa bi mí pé èló ni mo rà á. Ọkọ mi a máa ní kí n má jókòó ti òun pẹ́, kí n má baà sọ òun náà di ohun ọ̀ṣọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ojú tí mo fi ń wo nǹkan yìí náà ni mo fi ṣe iṣẹ́ ibi.

Nígbà tí mo wọlé ọkọ, ilé kan náà ni èmi àti ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ń gbé, tiwọn lápá ọ̀tún, tiwa lápá òsì, sítọ́ọ̀ kan ṣoṣo láàárín wa. Ìyálé mi ni, Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Aránṣọ ni, ọwọ́ rẹ̀ sì mọ́ débi pé ẹ ò ní mọ ibi tí òwú gbà wọlé àti ibi tó gbà jáde. Ọmọ méjì ló yè fún un, ọkùnrin kan, obìnrin kan, àmọ́ ìkókó kan ti wà ṣáájú wọn tí kò gbélé ayé pẹ́. A kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ nínú ilé. Mo ṣáà mọ̀ pé ó wà.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, ọwọ́ há. Èmi náà sì ti fọ́nnu fún gbogbo ará ilé pé n ó ṣe òdòdó kan sí pálọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí. Mo ti gé ewé rẹ̀ tán, mo ti fi wáyà háńgà tó kán ṣe igi rẹ̀. Ohun tó kù ni aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí n ó fi ṣe òdòdó gan-an. Mo wọ sítọ́ọ̀ lọ tú àkísà mi, kò sí funfun kan níbẹ̀ tí kò ti pọ́n rúsúrúsú. Ìgbà náà ni mo rí agolo bísíkíìtì kan lẹ́yìn àwọn ẹrù Ẹ̀gbọ́n. Mo ṣí i. Aṣọ kékeré kan wà nínú rẹ̀, funfun báláú, wọ́n fi òwú búlúù rán etí rẹ̀ yíká, wọ́n ká a dáadáa, wọ́n sì fi káfúrà sí i. Ẹ jẹ́ kí n má tàn yín: ohun tí èèyàn bá fi káfúrà sí kì í ṣe àkísà. N kò mọ ohun tó jẹ́, àmọ́ mo mọ̀ pé ẹnì kan ń tọ́jú rẹ̀. N kò béèrè, nítorí mo mọ̀ pé bí mo bá béèrè, wọn kò ní fún mi.

Mo gé e. Mo rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì, mo fi ìka tẹ̀ ẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí ó fi ṣù jọ bí òdòdó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ là. Etí tó ní òwú búlúù kò bá iṣẹ́ náà mu, àmọ́ èmi Ìyá Mádàánù, ṣé n ó wá sọ ọ́ nù? Mo wé e mọ́ wáyà igi òdòdó, mo fi bébà aláwọ̀ ewé bò ó. Mo ti agolo rẹ̀ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí mo gbé òdòdó náà lé orí tábìlì yàrá mi kí ó gbẹ, inú mi dùn débi pé mo ń kọrin.

Lọ́jọ́ kejì ni mo gbọ́ ohùn Ẹ̀gbọ́n láti inú sítọ́ọ̀. "Ìyàwó! Ìyàwó o! Ta ló gbé agolo mi?" Mo sáré jáde. Ó ti tú gbogbo ẹrù rẹ̀ sílẹ̀. "Aṣọ tí mo rán fún ọmọ mi wà nínú rẹ̀. Èyí tí mo fi wé e wálé. Òun nìkan ló kù mí kù lára ọmọ yẹn."

Ó yẹ kí n wólẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, ó lè gbá mi létí, ó lè yan mí lódì, àmọ́ ì bá mọ ibi tí aṣọ ọmọ rẹ̀ wà. Ìtìjú ni èmi ń rò. Mo ní n kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a káàkiri, bó sì ṣe ń wá a ló ń sún mọ́ ẹnu ọ̀nà yàrá mi. Àwọn kan á ní èṣù ló tì mí. Ẹ jẹ́ ká fi èṣù sílẹ̀, ẹnu mi ni. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rántí ni? Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kó agolo yẹn mọ́ pàǹtí lánàá, nígbà tí ẹ̀ ń gbá sítọ́ọ̀. Mo rí yín." Lóòótọ́ ló gbá sítọ́ọ̀ náà, ibà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fi í sílẹ̀ ni. "Èmi?" ó wí. "Ọwọ́ èmi yìí?" Mo ní, "Ibà yẹn ni, Ẹ̀gbọ́n. Ó ṣì wà lójú yín."

Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ó sáré láìwọ bàtà, ó di àkìtàn ẹ̀yìn ilé níbi tí wọ́n ti sun pàǹtí láàárọ̀. Ẹ gbọ́ eléyìí, nítorí òun ló burú jù. Mo tẹ̀ lé e. Ó kúnlẹ̀, ó ń fi ọwọ́ wa eérú. Èmi náà kúnlẹ̀ tì í, mo ń bá a wà á. Mo ń ṣa àfọ́kù ìgò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ó má baà gé e lọ́wọ́. Mo ń sọ pé, "Ẹ rọra, Ẹ̀gbọ́n, a ó rí i." Ohun tí à ń wá wà lórí tábìlì mi, ó ń gbẹ. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, mo dì í lápá mú wálé, mo bu omi sí i lọ́wọ́ kí ó fi ṣan eérú. Ó ní, "Ìyàwó, o ṣeun. Ọlọ́run á san án fún ọ." Ó ti ń san án.

Láti ọjọ́ náà Ẹ̀gbọ́n kò fọkàn tán ara rẹ̀ mọ́. Bó bá wọn oníbàárà, á tún un wọ̀n, á ní kí n wá bá òun wò ó. Nígbà tó yá, ó fi aṣọ bo ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó ní ọwọ́ tó da aṣọ ọmọ òun sí àkìtàn, kí ló fẹ́ fi aṣọ aláṣọ ṣe? Á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀, á pè mí kí n tọ́ ọ wò. Bó bá sì fẹ́ jáde, kó tó kọjá géètì, á yíjú padà: "Ìyàwó, ṣé mo ti ilẹ̀kùn?" N ó ní, "Ẹ ti tì í, Ẹ̀gbọ́n." Àwọn ọmọ dàgbà bá ìbéèrè yìí nínú ilé, wọ́n ń sín in jẹ. Òdòdó yẹn náà ńkọ́? Bí ọdún bá ti ń bọ̀, òun ló máa ń nu eruku ara rẹ̀. Á ní, "Iṣẹ́ yìí mà dáa o, Ìyàwó. Níbo lo ti rí funfun tó mọ́ báyìí?" N ó ní ọjà àlòkù ni.

Ọkọ rẹ̀ kú, tèmi náà kú. Láìpẹ́ yìí ni àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì dé, wọ́n pèpàdé sí pálọ̀. Èyí ọkùnrin ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ní òun ti rí ilé kan tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó tí iyè wọn ti ra, ibẹ̀ ni màmá àwọn ó máa gbé báyìí. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ní òun kò rí i pé iyè màmá ra. "Kì í ṣe òní ló bẹ̀rẹ̀," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá a lóhùn. "Ìgbà tí ara wọn ṣì le ni wọ́n ti kó aṣọ ọmọ wọn dà sí àkìtàn." Ó kọjú sí mi. "Ìyá Kékeré, ṣebí ẹ̀yin lẹ rí wọn. Ẹ sọ ọ́ kí eléyìí lè gbà."

Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Abẹ́ òdòdó náà gan-an ló jókòó sí, ó ká ọwọ́ lé itan. "Òótọ́ ló sọ," ó wí. "Ẹ má yọ Ìyàwó wa lẹ́nu. Ẹ mú mi lọ."

Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo gun àpótí, mo já òdòdó náà lulẹ̀. Mo ya bébà ara igi rẹ̀, mo tú etí aṣọ olówùú búlúù náà, mo gbé e lé Ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Mo wá kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún yín yìí, n kò yọ ọ̀kan sílẹ̀. Ọmọkùnrin náà pariwo, "Ìyá Kékeré!" Ẹ̀gbọ́n fi àtàǹpàkò tọ ojú òwú náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí." Lẹ́yìn náà ó wò mí. "Lọ́jọ́ àkìtàn yẹn, ìwọ náà wà níbẹ̀." Mo ní mo wà níbẹ̀. "O bá mi wá a." Mo ní, "Mo bá yín wá a, Ẹ̀gbọ́n." Kò bú mi. Ó ṣe mí bíi pé kí ó bú mi.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ máa tọ́jú nǹkan, ẹ má fi nǹkan ṣòfò. N kò kó ọ̀rọ̀ yẹn jẹ. Àmọ́ kí ẹ tó ki sísọ́ọ̀sì bọ ohunkóhun, ẹ béèrè ẹni tó ni ín. Bí ẹ bá sì ṣi nǹkan gé, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, bí ojú tilẹ̀ tì yín. Aṣọ lè ya kí a gán an. Ọkàn èèyàn tí mo fi irọ́ fà ya, mo ti wá abẹ́rẹ́ tí n ó fi gán an, n kò rí i. Ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Kò tíì sọ pé òun dárí jì mí, n kò sì lẹ́nu láti kán an lójú.

Ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà ni mo fi ń sùn, òun ni mo fi ń jí. Ó na ọwọ́ sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ó gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó kó òdòdó náà àti etí aṣọ wọ yàrá, ó tún jáde, ó ti ilẹ̀kùn, ó ní òun ń lọ ra òwú. Mo dúró, mo ń retí ìbéèrè tí etí mi ti mọ̀. Ó dé ẹnu géètì, kò wẹ̀yìn. Èmi ni n kò lè pa á mọ́ra. Mo ké pè é, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti tì í o!"

"Mo mọ̀," ó wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ.