N Ò Lè Fẹ́ Irin

Ní ṣọ́ọ̀bù fídíò kan ní Alief, lókè òkun, láyé ìgbà tá a ṣì ń yá kásẹ́ẹ̀tì wò, mo tò sẹ́yìn ìyá kan tó di kátúùnù àwọn ará Japan mú.

"Mummy, eléyìí náà lẹ tún fẹ́ yá?" Ọmọbìnrin tó ń tajà ló bi í.

"Ọkùnrin inú ẹ̀, irin ni gbogbo ara ẹ̀. Síbẹ̀, ó dá ìyàwó ẹ̀ mọ̀."

"Fíìmù lásán ni, mà."

"Nígbà tọ́kọ mi wà láyé, dókítà fẹ́ fi ẹ̀rọ kékeré sí i láyà, kó máa bá ọkàn ẹ̀ lù. Òun gbà, èmi ni mo kọ̀. Mo ní n ò lè fẹ́ irin."

Ọmọbìnrin náà gba kásẹ́ẹ̀tì náà, ó kọ ọ́ sínú ìwé.

"N ò lè fẹ́ irin," ìyá náà tún sọ. "Tó bá jẹ́ irin ló ń lù láyà ẹ̀ lónìí, ṣé kò ní í máa pè mí ní Àṣàkẹ́ ni?"