Ìdérí Wáyà Tó Wà Nínú Àpò Mi
Ẹ̀yin tí ẹ bá mi ṣiṣẹ́ ní ìlú Oulu, ní Finland, dókítà ní ikú mi kò ní pẹ́ mọ́. N kò lè jókòó jẹ́ẹ́, n kò lè sùn. Àfi kí n pọ ohun tí mo ti gbé mì láti ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Èmi Veikko ni mo mú kí Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà wa, dá ẹ̀rọ téèpù wa mọ̀, ẹ̀rọ tí a fẹ́ fi tọ́jú ohùn ogójì arúgbó ilẹ̀ Karelia tí èdè wọn ń kú lọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá káàdì tó ń darí rẹ̀ jìjàkadì: mo pààrọ̀ wáyà, mo fi ìdérí kékeré dí ẹnu rẹ̀, torí bí kò bá sí níbẹ̀, ohùn kì í wọlé dáadáa. Nígbà tí téèpù kọ́kọ́ kùn, inú mi dùn bí ẹni tí ẹja fa ìwọ̀ rẹ̀ lábẹ́ yìnyín. Àmọ́ ọ̀nà méjì ni Linux ń gbà pe ẹ̀rọ náà. Bí o bá gba ti àkọ́kọ́, téèpù á yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí o bá gba èkejì, á dúró síbi tó dé. Ti àkọ́kọ́ ni mo gbà. Ohùn tuntun kọ̀ọ̀kan ń pa èyí tó ṣáájú rẹ̀ rẹ́, n kò sì ka téèpù náà padà wò rí. Ìgbéraga ni, kì í ṣe àìmọ̀kan.

Tuulikki, tó gba ohùn wọn sílẹ̀ lábúlé, bi mí nídìí kọfí pé, “Veikko, àwọn arúgbó mi ńkọ́?” Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n tiẹ̀ fẹ́ sá, wọn ò ríbi gbà. Ẹ tún kásẹ́ẹ̀tì yín lò.” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì gba nǹkan mìíràn sórí ohùn tó wà nínú wọn.

Ní oṣù kọkànlá, díìsìkì kọ̀ǹpútà tí ohùn wọn wà nínú rẹ̀ kú. Mo sáré sídìí téèpù. Ìyá arúgbó kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀: “Ṣé ó ń wọlé, ọmọ mi?” Lẹ́yìn tirẹ̀, kò sí nǹkan kan. Mo rántí pé Rauno, ọmọ iṣẹ́ wa, yọ ìdérí náà nígbà tó ń nu eruku ẹ̀rọ ní ẹ̀ẹ̀rùn. Mo yọ ìdérí wáyà, mo sọ ọ́ sápò, mo pe ọ̀gá, mo ní Rauno kò dá ìdérí náà padà.

“Mo dá a padà!” ni Rauno pariwo. “Ẹ̀gbọ́n Veikko, ojú yín ló ṣe. Ẹ sọ̀rọ̀ o!”

Mo ní, “Àbúrò, n ò rí nǹkan kan.”

Tuulikki kò sunkún. Ó kàn ní, “Rauno, kúrò níwájú mi.” Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà.

Rauno, ìdérí náà ló wà nínú àpòòwé yìí. Fi han Tuulikki. N kò bẹ̀ ọ́ pé kí o dárí jì mí lónìí. Kí ó kàn pè ọ́ padà síwájú rẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń tọ́jú nǹkan onínǹkan, ẹ kà á padà kí ẹ tó fọwọ́ sọ̀yà. Ìyá yẹn ṣì ń bi mí lójoojúmọ́ bóyá ó ń wọlé.