Bàbá Sẹ̀nàmí Wá sí Kíláàsì Mi

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ kú ìjókòó. Ọlọ́run tó fi mí ṣe tíṣà, tí kò jẹ́ kí n dẹni ìtìjú lójú ọmọ mẹ́tàdínláàádọ́ta, òun ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á máa wí nínú pé ara obìnrin yìí ti yá jù. Ẹ jẹ́ kó yá. Bí ojú yín bá rí ohun tí ojú mi rí, ẹ̀yin náà á jó bọ́ síwájú.

Ẹ ṣáà mọ̀ mí níbí, èmi ọmọ Ìyá Aláṣọ ní Okokomaiko. Nígbà tí ìjọba kéde ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tí ọmọ ń ya wọ ilé ìwé, wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwé kan lọ́nà Ìbà, kíláàsì kẹrin. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí tíṣà, Gírédì Tuù, ni, mo sì rò pé mo ti mọ gbogbo ẹ̀. Katapílà tó ń la ọ̀nà Badagry ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, síbẹ̀ ariwo àwọn ọmọ mi ju tiẹ̀ lọ. Bí mo bá kọjú sí bọ́ọ̀dù kí n kọ ìṣirò, ẹ̀yìn mi á di ọjà àgbò nígbà tí Iléyá ku ọ̀la.

Hẹ́dìmásítà wa, bàbá àgbà kan tí kì í gbóhùn sókè, pè mí sí ọ́fíìsì. Wọ́n ní bí kíláàsì mi bá ń dí àwọn yòókù lọ́wọ́ báyìí, àwọn á kọ̀wé sókè pé mi ò lè ṣe iṣẹ́ náà. Mo délé, mi ò lè jẹun.

Mo wá ṣe ohun tí tíṣà tó kọ́ èmi náà ṣe. Mo yan mónítọ̀, ọmọkùnrin kan tó sígbọnlẹ̀, Làmídì lorúkọ ẹ̀. Mo ní kó máa kọ orúkọ àwọn aláriwo sí igun bọ́ọ̀dù nígbàkígbà tí mi ò bá sí níbẹ̀ tàbí tí mo bá kẹ́yìn sí wọn. Ẹni tí mo bá bá orúkọ ẹ̀, ẹgba mẹ́ta. Ariwo rọlẹ̀ díẹ̀, mo sì fi ń yangàn fún àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi.

Orúkọ kan wà tó jẹ́ pé ojoojúmọ́ ló ń wà lókè pátápátá. Sẹ̀nàmí. Ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń jókòó sẹ́yìn lẹ́bàá fèrèsé. Ẹ̀gùn ni wọ́n. Sójà ni bàbá rẹ̀, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá sí bárékè Ọ̀jọ́ láti ìhà Badagry ni, kò tíì rí yàrá fún ìdílé rẹ̀ níbẹ̀, ló bá gba ilé sí Okokomaiko. Bí mo bá pe ọmọ náà, á jáde, á nawọ́, á gba ẹgba ẹ̀, á padà lọ jókòó. Kì í sunkún. Mo ní olóríkunkun ni. Mo sọ tiẹ̀ di márùn-ún.

Lọ́jọ́bọ̀ kan ni obìnrin tó ń bá wọn gbélé wá bá mi. Ó ní ọwọ́ ọmọ náà ti wú, bàbá rẹ̀ sì ti rí i, ó ń bọ̀ láàárọ̀ ọ̀la.

Ẹ̀yin náà mọ sójà láyé tí a wà yìí. A ti rí àgbà dẹ́rẹ́bà tí wọ́n ní kó máa fò bí ọ̀pọ̀lọ́ lójú títì. Èmi tí mi ò tíì lọ́kọ, kí wọ́n wá fi bẹ́líìtì nà mí lójú àwọn ọmọ tí mò ń kọ́, ṣé mo tún lè dúró níwájú wọn láyé? Bí mo ṣe kúrò nílé ìwé, ibí ni mo gbà wá. Ìyá Àdúrà wà ní ìjókòó yẹn, ẹ bi wọ́n. Mi ò ní purọ́ níwájú pẹpẹ: mo bẹ Ọlọ́run kó jẹ́ kí wọ́n gbé ọkùnrin náà lọ sí Kàdúná kílẹ̀ tó mọ́. Ìyá Àdúrà ní kí n má kọ́ Ọlọ́run níṣẹ́, kí n ṣáà ní kó gbà mí. Mo sọ bẹ́ẹ̀.

Aago mẹ́sàn-án kò tíì lù tí sójà fi dé. Ó ní láti tẹrí ba kó tó ráyè wọlé. Ọwọ́ ẹ̀ ni bẹ́líìtì wà, kò sí ní ìdí. Kíláàsì mi tí kì í dákẹ́ wá dákẹ́. Ó bi mí pé kí ni ọmọ òun ṣe. Mo ní ó ń pariwo.

Ó ní, “Kí ló wí? Tíṣà, ọ̀rọ̀ wo ló sọ nínú ariwo yẹn? Sọ ọ́ kí n gbọ́.”

Ará, ọ̀rọ̀ yẹn là mí lójú. Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti wọ kíláàsì mi, mi ò gbọ́ ohùn ẹ̀ rí. Ọmọ tí kò gbọ́ Yorùbá, tí kò gbọ́ òyìnbó, ta ló ń bá pariwo? Mo wo Làmídì, Làmídì ń wo ilẹ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ti tú u síta pé ẹni tó bá fún Làmídì ní ẹ̀pà ni kì í kọ orúkọ ẹ̀. Sẹ̀nàmí kò ní ẹ̀pà, kò sì ní èdè tó lè fi rojọ́. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn àgbà sì ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Èmi ni òṣìkà náà, ojú sì tì mí gan-an.

Mo kúnlẹ̀. Kì í ṣe ìbẹ̀rù nìkan ló mú mi kúnlẹ̀, mo mọ̀ pé mo jẹ̀bi. Inú tún bí sójà sí i, ó ń bú mọ́ mi, páànù orí ilé ń mì, ó gbé bẹ́líìtì sókè. Mo dijú. Mo ní, Jésù, gbà mí.

Ni mo bá gbọ́ ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ẹ̀yìn, lédè Ẹ̀gùn. Sẹ̀nàmí ti dìde dúró. Ohun tó sọ kò ju gbólóhùn kan lọ. Ọwọ́ sójà wálẹ̀. Mo ń retí ẹgba, ẹ̀rín ni mo gbọ́. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ. Ó wá túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Ọmọ náà ní, “Bàbá, ẹ má pariwo mọ́, wọ́n á kọ orúkọ yín sí bọ́ọ̀dù.”

Èmi ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Sójà ní kí n dìde, ó ní kí n ṣáà bá òun tọ́jú ọmọ òun. Ó de bẹ́líìtì mọ́ ìdí, ó lọ.

Mo nu igun bọ́ọ̀dù yẹn, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ orúkọ síbẹ̀ mọ́. Mo bẹ Sẹ̀nàmí lójú gbogbo wọn. Làmídì ńkọ́? Mi ò nà án. Èmi ni mo gbé àṣẹ tó ju agbára ẹ̀ lọ lé e lọ́wọ́. Mo ní kó lọ jókòó ti Sẹ̀nàmí, kó máa kọ́ ọ ní Yorùbá. Ojú ara mi ni mo fi ń ṣọ́ kíláàsì báyìí, àárín wọn ni mo ti ń kọ́ wọn. Mo sì ti rí i pé bí mo bá rẹ ohùn sílẹ̀, àwọn náà á dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, hẹ́dìmásítà mú tíṣà méjì wá kí wọ́n wá wo bí mo ṣe ń ṣe é. Èmi tí wọ́n fẹ́ kọ̀wé lé lórí! Bí mo bá ń yangàn, ẹ foríjì mí, Ọlọ́run ni mo fi ń yangàn.

Ṣùgbọ́n ohun tó gbé mi dìde lónìí gan-an kọ́ nìyẹn. Ní Jímọ̀ tó kọjá, mo kọjú sí bọ́ọ̀dù, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́yìn mi wéréwéré, láìsinmi, Yorùbá àti Ẹ̀gùn pọ̀ mọ́ra. Mo yíjú. Sẹ̀nàmí ni, ó ń sọ ìtàn fún odindi bẹ́ǹṣì. Mo ní, “Sẹ̀nàmí, ariwo ẹ ti pọ̀ jù.” Ó ní, “Ẹ má bínú, Tíṣà.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Ẹ dìde, ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run, ará. Ọmọ náà ń pariwo.