Ìbòjú Tí Mo Tì Mọ́nú Àpótí

Ẹ̀yin ará, kì í ṣe ẹ̀rí ìdùnnú ni mo dìde láti jẹ́ lónìí. Ojú ń tì mí.

Ẹ mọ̀ pé káfíńtà ni mí, èmi àti Bọ̀dá Láyí la jọ ni ṣọ́ọ̀bù. Èmi ń gé igi, wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbo ó kó lè jọ̀lọ̀. Eruku ìrókò kì í ṣe eruku eré. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ìyá kan tí a kan àga fún gbé ìbòjú oníbátìrì kan wá. Ó ní fáànù kékeré tó ń sẹ́ eruku kúrò nínú afẹ́fẹ́ kéèyàn tó mí in. Ìyá náà ní kí n fún ẹni tó ń gbo igi. Bọ̀dá Láyí ò sí nítòsí. Mo gbé e wọ̀, ó tù mí lára, mo sọ ọ́ di tèmi. Nígbà tí Bọ̀dá Láyí rí i lójú mi tí wọ́n tọrọ rẹ̀, pé ikọ́ ò jẹ́ káwọn sùn, mo ní bátìrì rẹ̀ ti kú. Irọ́ ni. Kí irọ́ náà má baà tú, mo tì í mọ́nú àpótí nílé, èmi náà ò lè lò ó mọ́. Síbẹ̀ mò ń ṣáájì rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kó má baà bàjẹ́.

Lọ́jọ́bọ̀, lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí ẹní nínú ilé àdúrà, oorun gbé mi lọ. Ọkùnrin aláṣọ funfun kan fà mí lọ́wọ́ dé ibi tí atẹ́gùn ti mọ́, tí àwọn àgbà ìjọ wa tó ti sùn nínú Olúwa jókòó, tí wọ́n ń mí wọ́ọ́rọ́wọ́. Àga kan ṣófo láàárín wọn. Ó ní, “Ti Láyí ni.” Mo ní àkókò wọn ò tíì tó. 

Ló bá ṣílẹ̀kùn kejì, ooru, èéfín, igbe, mo rí àwọn òpùrọ́ tí eruku gbígbóná ń dà sí lẹ́nu, wọn ò lè pa á dé, mo rí àwọn alágbèrè tí wọ́n ń sá fún ojú ara wọn, mo rí àwọn aninilára, ìbòjú wà lójú oníkálukú, irú tèmi gan-an, fáànù rẹ̀ ń fẹ́ iná sí wọn nímú, wọ́n ń fà á, kò ṣí, mo yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìbòjú kan wà lára ògiri tí ẹnikẹ́ni ò wọ̀. Mo bi í pé ta ló ni ín.

“Ó ti gba ṣáájì tán,” ló wí. “Ìwọ la ń dúró dè.”

Mo ta jí. Mi ò wọ bàtà tí mo fi sáré lọ sílé, mo gbé ìbòjú náà dé ṣọ́ọ̀bù. Bọ̀dá Láyí fi gèlè ìyàwó wọn di imú, wọ́n ń gbo ilẹ̀kùn. Mo dọ̀bálẹ̀ nínú eruku, mo jẹ́wọ́. Wọ́n gbé e wọ̀, wọ́n mí lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n bọ́ ọ.

“Gbénró, ọdún méjì?”

“Ọdún méjì ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Wọn ò bú mi. Ì bá sàn kí wọ́n bú mi.

Ẹ̀yin ará, bí ohun tí ẹnìkejì rẹ lè fi mí bá wà lọ́wọ́ rẹ, gbé e fún un lónìí, má dúró de àlá. Bọ̀dá Láyí ti dárí jì mí, wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́. Lọ́jọ́ Ajé mo sìn wọ́n lọ sọ́sípítù. Dókítà wo àwòrán àyà wọn, ó ní ẹ̀dọ̀fóró tó ti bàjẹ́ báyìí kì í padà bọ̀ sípò. Mo kúnlẹ̀, mo ń bẹ̀ ẹ́ kó ṣáà wo wọ́n sàn. Ó ní kì í ṣe òun ni kí n bẹ̀.