Irọ́ Tí Mo Fi Sí Aṣojú Wa Lẹ́nu

Ẹ̀yin olórí ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ omíyalé àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó pé jọ sí Sakété lónìí, òjò ọdún yìí ti ń ṣú, ọ̀rọ̀ tí èmi Félicité láti Pobè gbé mì kò sì gba inú mi mọ́. Ẹ jẹ́ kí n pọ̀ ọ́ jáde. Àwa ọmọ ìjọ Pobè ní tapólín tí a fi ń bo orí ẹni tí omi lé nílé, ẹ̀yin Mùsùlùmí Sakété ní ọkọ̀, ẹnì kan kì í sì í ṣe ọ̀gá ẹnì kejì. Ìdí nìyẹn tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ní aṣojú tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ, ètò tó ń ka ìròyìn wa, tó ń bá àwọn aṣojú yòókù pinnu ta ni yóò gbé kí ni lọ sí abúlé wo. Àrà ni lójú mi! Oúnjẹ mi á tutù níbi tí mo ti ń ka bí wọ́n ṣe ń fèsì fún ara wọn bí ẹbí méjì níbi ìdána.

Nígbà tí omi ya wọ abúlé Igana, ìbéèrè kan gbà mí lọ́kàn: bí ọ̀kan bá purọ́, ṣé àwọn yòókù á mọ̀? Taofik, tó ń ṣọ́ aṣojú Sakété, rẹ́rìn-ín lórí fóònù: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ dán an wò. Tó bá gbà, a ó tún un ṣe kíá.” Mo kọ ọ́ fún aṣojú wa pé Igana ti rí tapólín gbà. Aṣojú Sakété béèrè pé: “Ta ló fojú rí i?” Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Òmùgọ̀ ni mí, inú mi ń dùn pé ó gbọ́n! Mo dáhùn: “Félicité ló rí i.” Ọkọ̀ tó ń lọ sí Igana yí padà. Kí a tó tún un ṣe, òjò dé, iná lọ, rẹ́sóò fóònù lọ, a ò rí dírẹ́bà pè mọ́.

Nígbà tí ọ̀kadà zémìjàn gbé mi dé Igana, Huguette, ọmọ abúlé náà, ń gbọ̀n lábẹ́ igi ọ̀pẹ, òun àti Bonaventure bàbá rẹ̀. Ó ní: “Tántì, wọ́n ní ẹ̀rọ ló sọ pé a ti rí tiwa gbà. Kí la fi ṣe ẹ̀rọ?” Mo fèsì pé: “Ẹ̀rọ ò lójú, ọmọ mi.” Ikọ́ tí òtútù ọjọ́ yẹn dá sílẹ̀ ló gbé bàbá náà lọ.

Èyí tó burú jù nìyí. Àlájì Súbérù, olórí ẹgbẹ́ Sakété, ẹ̀yin lẹ sọ nípàdé pé: “Òpùrọ́ lẹ̀rọ yìí, ẹ yọ ọ́.” Taofik wojú mi. Mo dorí kodò. A yọ gbogbo aṣojú náà, kálukú sì ń dá tirẹ̀ ṣe. Nígbà tí omi tún dé, gbogbo ọkọ̀ wa pàdé ní abúlé kan ṣoṣo, abúlé kejì ò rí ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ máa tọpinpin, ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹni tí òjò ń pa dán nǹkan wò. Huguette, ìwọ tó jókòó láàrin wọn, mi ò lẹ́nu láti ní kí o foríjì mí lónìí. Mo kàn bẹ̀ ọ́ pé kí o gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Ẹ̀yin àgbà, ẹ dá àwọn aṣojú náà padà kí omi tó dé. Èmi ni kí ẹ yọ.