Ibi Tí Mo Gé Kúrò Nínú Fíìmù Ẹṣin Onígi

Ẹ má sọ pé kí n lọ sinmi. Ìsinmi tí mo máa sinmi kò ní pẹ́ dé. Dókítà fúnra rẹ̀ ti ń wò mí bí ẹni tó ń wo bàtà tí kò ṣeé rán mọ́. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, mo sì sanra lé e lórí. Ẹni tó bá rí ìdí mi á rò pé oúnjẹ ni. Irọ́ ni. Èmi ni mo ṣẹ́ obìnrin yẹn lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe Ẹlẹ́ṣin.

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún, tí ìbàdí mi ṣì ń gba ẹnu ọ̀nà kọjá láìjà, mo ń ṣiṣẹ́ ní ọgbà ìgbafẹ́ kan lẹ́bàá odò. Kẹ̀kẹ́ ńlá wà níbẹ̀ tó ń gbé èèyàn lọ sókè, ọkọ̀ ojú irin kékeré náà wà, àmọ́ ẹṣin onígi méjìdínlógún tó ń yípo lórí pèpéle ni gbogbo ayé ń tò fún. Ọkùnrin tó ń darí wọn là ń pè ní Ẹlẹ́ṣin. Ó gùn, ó gbẹ, ó sì máa ń nu imú àwọn ẹṣin náà láràárọ̀ bí ẹni pé ọ̀fìnkìn ń ṣe wọ́n. Olójú-kan ló ń fi kámẹ́rà ya àwọn àlejò. A sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí pé ojú kan ló máa ń dì tó bá ń yà. Èmi ni mo máa ń gé fíìmù rẹ̀ tí mo sì ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀, kí àwọn àlejò lè rí ara wọn lára ògiri. Ojú kan yẹn náà ló fi rí mi tó fi fẹ́ mi. Ká ní ó la méjèèjì ni, ì bá ti sá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àwọn ẹṣin dúró kí àwọn èèyàn lè gùn wọ́n. Ọmọ kan ń sunkún lórí ẹṣin tó wà lódìkejì, Ẹlẹ́ṣin fẹ́ lọ gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Àbúrò, bá mi dúró ti irin yìí. Má fọwọ́ kàn án o." Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún irú mi? Olójú-kan ń yà wá, mo sì fẹ́ kó rí mi bí ọ̀gá. Mo gbé ọwọ́ lé irin náà tí wọ́n fi ń tan ẹ̀rọ ẹṣin, mo fi ìdí tì í, mo fi gbogbo eyín rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà. Irin lọ, ẹ̀rọ gbéra. Obìnrin kan ti gbé ẹsẹ̀ kan lé ẹṣin, èkejì ṣì wà nílẹ̀. Mo gbọ́ nígbà tí egungun náà dá. Èmi sá sẹ́yìn. Ẹlẹ́ṣin ló sáré padà tó di irin náà mú, nítorí náà, nígbà tí èrò fi máa yíjú, ọwọ́ tirẹ̀ ni wọ́n bá níbẹ̀.

Ọ̀gá àgbà bi í pé, "Ta ló tan ẹ̀rọ?" Ẹlẹ́ṣin wò mí. Mo wo bàtà mi. Ọ̀gá ní, "Kò burú. Fíìmù á sọ lọ́la."

Fíìmù kò sọ. Mo gé e. Olójú-kan gbá ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ṣé o mọ ohun tó ò ń ṣe ṣá?" Mo ní, "Ṣé ọgbà ẹ̀wọ̀n lo ti fẹ́ fẹ́ mi ni?" Ó jáwọ́. Mo yọ ibi tí mo ti ń fi eyín han ayé, mo lẹ ìyókù pọ̀. Ẹlẹ́ṣin dúró ti irin; ẹṣin ń yí; ọwọ́ Ẹlẹ́ṣin wà lórí irin. Ó mọ́ rekete. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe jù lọ láyé nìyẹn, ẹ wo ohun tí mo fi í ṣe!

Lọ́jọ́ kejì wọ́n fi í hàn. Ẹlẹ́ṣin ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un fi hàn." Wọ́n tún un fi hàn. Ó ní, "Lẹ́ẹ̀kan sí i." Ìgbà kẹta, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ títí, ó wá sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bóyá mo kàn án kí n tó lọ." Ibẹ̀ ni mo ti pa á. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́, mo sì jókòó bí àpò sìmẹ́ǹtì.

Ọgbà náà ti di ibi ìgbọ́kọ̀sí báyìí. Kò sí nǹkan kan tó kù níbẹ̀ àfi fíìmù wa. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń tún fíìmù àtijọ́ ṣe, ló fẹ́ kó wọn jọ kí ayé lè mọ̀ pé a ti ṣeré rí. Ó pè mí, ó ní, "Màmá àgbà, wọ́n gé nǹkan kúrò níbí." Mo ní, "Ó wà lọ́wọ́ mi." N kò dáná sun ún, ìgbà kan ṣoṣo tí mo rẹwà nínú fíìmù nìyẹn. Mo ti fi ọ̀rá mẹ́ta wé e, mo dé e mọ́nú agolo, mo fi téèpù lẹ ẹnu rẹ̀ pa. Nígbà tí ọmọ ṣí i, òórùn kíkan bíi ti fínígà gbá wa lójú. Fíìmù náà ti ká kò bí èèpo ọsàn gbígbẹ. Bó ṣe fọwọ́ kàn án, ó rún.

"Ẹ dé e pa ni, Màmá àgbà. Ó yẹ kí fíìmù máa mí. Kíkan tó jáde lára rẹ̀ kò rọ́nà lọ, òun ló jẹ ẹ́."

Àwọn fíìmù yòókù tí mo jù sínú páálí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí mo máa ń jókòó lé lórí, nǹkan kan kò ṣe wọ́n. Èyí tí mo tọ́jú nìkan ló bàjẹ́! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bú ara mi pa.

Èmi àti ọmọ ọmọ mi lọ bá Ẹlẹ́ṣin nílé rẹ̀; ó ṣì wà láyé, ó ti darúgbó. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, èmi ni." Ó rẹ́rìn-ín. "Dìde, àbúrò, kó o tó nílò kireeni tí yóò gbé ọ. O ṣeun, àmọ́ mo fojú ara mi rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta."

"Mo gé e ni!"

"Mo bẹ obìnrin yẹn kó tó kú. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bẹ̀ ẹ́, kó tó dárí jì mí. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, kí ni mo fẹ́ fi ìdáríjì yẹn ṣe? Má gbà á lọ́wọ́ mi."

Mo pariwo, mo búra, mo sunkún. Ó ní kí wọ́n fún mi lómi.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀rí tẹ́ ẹ bá fi pa mọ́ kò ní dúró dè yín. Mo ti ní kí ọmọ ọmọ mi má ṣe dí ibi tí mo gé. Kí ògiri ṣókùnkùn níbẹ̀, kí ohùn mi tó ń gbà sílẹ̀ yìí sì sọ ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá wò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sọ fún Bọ̀ọ̀dá. Ẹ sọ ọ́ títí á fi gbà. N kò tíì lẹ́nu láti tọrọ ìdáríjì. Ẹ kọ́kọ́ bá mi bẹ̀ ẹ́ kó bínú sí mi.